Àbọ̀ rè é: kẹ̀kẹ́ gígùn létí Canal du Midi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo bèèrè ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà ní Faransé, tẹ́ ẹ ní kí n gba etí Canal du Midi, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, láti Toulouse dé Carcassonne. Ó dáa gan-an! Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ní ó máa tó, ó tó dé Port-Lauragais torí ọ̀dà ni gbogbo ẹ̀, nǹkan bí 50 km, àmọ́ bá a ṣe kọjá ibẹ̀ báyìí òkúta wẹ́wẹ́ àti gbòǹgbò igi ló kù, ó ń gbọ̀n wá jìgìjìgì, ìgbà tá a dín afẹ́fẹ́ táyà kù ló tó rọrùn díẹ̀. Táyà tó fẹ̀ tó 40 mm ni kẹ́ ẹ gbé. Ó ku Carcassonne dé Sète, òjò ló dá wa padà, ẹrẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ ṣé o.