Re: "Àgbékalẹ̀-ilé oníkọ̀ǹpútà": ènìyàn ni àbí iṣẹ́?

*Ará Ìkòròdú kọ̀wé:*

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àárọ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ilé yíyà, tó tún ń kọ́ni ní fíìmù àti àwòrán orí kọ̀ǹpútà, ni ẹnìkan níbí pè ní "àgbékalẹ̀-ilé oníkọ̀ǹpútà". Ohùn ìsàlẹ̀ orí "à" yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àdàkọ ni ìwé tí a dà kọ. Adàkọ lẹni tó dà á kọ. Bí ènìyàn bá wá ń jẹ́ àgbékalẹ̀, ta ló gbé e kalẹ̀? "Oníkọ̀ǹpútà" ńkọ́? Ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà nìyẹn, bí oníbàtà. Àwọn tíṣà àtijọ́ ní Ìkòròdú kò ní gba èyí lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì kẹta.

*Ará Ẹ̀pẹ́ fèsì:*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Kí ló dé tí a ń sá fún "ayàwòrán-ilé" tí gbogbo ayé ti mọ̀? Nicholas Negroponte kẹ́kọ̀ọ́ ilé yíyà ní yunifásítì MIT lÁmẹ́ríkà kó tó wà lára àwọn tó dá Architecture Machine Group, ẹgbẹ́ tó ń ṣèwádìí lórí kọ̀ǹpútà àti ilé yíyà, sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1967. Ibẹ̀ ni Media Lab, ilé ìwádìí MIT, ti jáde ní 1985. Inú ilé yíyà ló gbà dé ìdí kọ̀ǹpútà. "Ayàwòrán" gbà á dáadáa.

*Ará Àgbádárìgì dá sí i:*

Kò gbà á. Ẹ wo iṣẹ́ náà kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ mú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní Marina ní Àgbádárìgì níhìn-ín, èyí tí wọ́n parí ní 1845. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ gbé e sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ya fọ́tò yí i ká ní gíga mẹ́ta, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan sì tún gbé nǹkan bí 70 nínú 100 ohun tó wà nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní rí ibi so wọ́n pọ̀, ògiri á là sí méjì. Dígí fèrèsé ń tàn án jẹ torí ó ń dán. Ewé tí atẹ́gùn ọ̀sà ń mì náà ń dà á rú. Ọ̀pá mítà 2 gbọ́dọ̀ hàn nínú fọ́tò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé á ní ìrísí, kò ní ní ìwọ̀n.

Ó wá ku páálí gígé, láti fi ṣe ilé náà ní kékeré. Ní ìwọ̀n 1:50, sẹ̀ǹtímítà 2 ló dúró fún mítà 1. Páálí mìlímítà 3 ló bá ògiri búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 6 mu. Ti ínǹṣì 9 ń fẹ́ mìlímítà 4 ààbọ̀. Ẹni tó bá fi páálí kan náà gé méjèèjì, igun ilé rẹ̀ ò ní pàdé. Èwo ni yíyà níbẹ̀? "Olùgbékalẹ̀-ilé" ni témi.

*Ará Ẹ̀pẹ́ fèsì:*

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ara yín sọ pé wọ́n á "ya fọ́tò"! Yà náà nìyẹn.

*Ará Ìkòròdú fèsì:*

Àwàdà nìyẹn, kì í ṣe gírámà. Mọlémọlé tó na okùn ẹsẹ̀ 3, 4 àti 5 kí igun lè gún kò ya nǹkan kan sórí pépà, síbẹ̀ ó ti gbé ilé kalẹ̀. "Gbé kalẹ̀" ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa. Àmọ́ "olù-" yẹn ò bá mi lára mu. Ipò ló ń tọ́ka sí: olùdarí, olùkọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ń gba "a-": aránṣọ, amọ̀kòkò, agbẹ́gilére. Nítorí náà, agbékalẹ̀-ilé, ohùn àárín.

*Ará Ẹ̀pẹ́ fèsì:*

Akọ̀wé ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ ni àbí ipò? Ẹ dáhùn kí ẹ tó tún pe àwọn tíṣà Ìkòròdú jáde. Ẹ̀pẹ́ náà ní tíṣà.