Àwọn ọmọ kíláànì mi kì í ṣe àtáàkì wọn tí ogun bá dé. Kí ni kí n ṣe?

Balógun Abúlé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti kó èèyàn jọ rí lórí gèèmù wà níbí.

Èmi ni líídà kíláànì kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń jà, nínú gèèmù Clash of Clans. A tó bí ọgbọ̀n níbẹ̀, orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la wà, púpọ̀ nínú wa ò sì rí ojú ara wa rí. Ẹni 20 ni mo máa ń kó wọ ogun. Àtáàkì (ìkọlù abúlé ọ̀tá) méjì-méjì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wákàtí 24 sì wà láti ṣe é, 40 ló yẹ kó jẹ́ lápapọ̀. Tí ogun bá parí, n ó rí i pé bíi 12 ò kúrò lójú kan, ìgbà mìíràn a tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun tó kọjá, iye ìràwọ̀ tí àtáàkì wa mú wá dọ́gba pẹ̀lú tàwọn ọ̀tá, ìdá ìparun, ìyẹn bí wọ́n ṣe wó abúlé tó, ni wọ́n fi lé wa sẹ́yìn. Àtáàkì ẹyọ kan sí i ì bá gbà wá sílẹ̀, kódà kó jẹ́ tẹni tó kéré jù.

Ọ̀kan wà nínú wa, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Kìnnìún. TH rẹ̀ (Town Hall, olórí ilé inú abúlé) ló ga jù. Abúlé tó rọ jù lọ́dọ̀ ọ̀tá ló máa ń lọ bá, á gba ìràwọ̀ mẹ́ta tó pọ̀ jù láìlàágùn, á wá máa fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́ nínú chat. Ọmọ tuntun kan wà tí àtáàkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ò mú ìràwọ̀ kankan wá. Látìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń wọlé, ó ń tọrọ ọmọ ogun bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò débi ogun mọ́. Àwọn tó kù kàn dákẹ́ ni.

Mo ti bẹ̀ wọ́n, mo ti halẹ̀ mọ́ wọn. Ṣé kí n lé wọn ni, àbí kí n gbé ipò líídà fún ẹlòmíràn?

Tafàtafà:
Lé wọn. Èèyàn tó ń wá kíláànì pọ̀ bí kíláànì tó ń wá èèyàn ṣe pọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fi àtáàkì méjèèjì ṣòfò láìsọ ìdí ti jáde nìyẹn. Kò sí ìjà, kò sí àlàyé gígùn.

Àǹtí Archer:
Tafàtafà, ẹ rọra ná. Balógun, ká tó máa sọ̀rọ̀ lílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn síbí, bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an.

Balógun Abúlé:
Clan mail (lẹ́tà sí gbogbo kíláànì) tó gbẹ̀yìn rèé, Àǹtí: "GBOGBO YÍN Ẹ GBỌ́ O. ÀWỌN KAN Ń BA OGUN JẸ́ MỌ́ WA LỌ́WỌ́. ẸNI TÍ KÒ BÁ ṢE ÀTÁÀKÌ MÉJÈÈJÌ LỌ́TẸ̀ YÌÍ, N Ó LÉ E. MO TI SỌ Ọ́ TẸ́LẸ̀."

Àǹtí Archer:
"Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀" yẹn gan-an ni mo ń wá. Ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti mọ̀ pé ẹnu lásán ni.

Ẹ tún wo "àwọn kan" tí ẹ kọ. Ẹni tó ṣe méjèèjì kà á, inú bí i pé wọ́n pa òun mọ́ wọn. Ẹni tí kò ṣe kà á, ó ní òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ta ló wá kù tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀?

Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí. Ní ọjọ́ ìmúrasílẹ̀, nígbà tí a ti ń rí abúlé àwọn ọ̀tá, mo máa ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láti orí nọ́ńbà 1 tó le jù dé èyí tó rọ jù nísàlẹ̀, mo máa ń ronú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká a. N ó wá kọ ọ́ sínú chat pẹ̀lú orúkọ ẹni náà: "Nọ́ńbà 7 ni tìrẹ. Air defense méjì, tó ń ta ohun tó ń fò, ló wà nítòsí ìta lápá òsì, ibẹ̀ ni kí àwọn dragon rẹ gbà wọlé. Àwọn ọmọ ogun tó fara pamọ́ sínú clan castle wọn ni kí o kọ́kọ́ fura sí." Kò ju ìlà méjì mẹ́ta lọ. Èèyàn tí kì í dá clan mail lóhùn á fèsì síyẹn, nítorí ó rí i pé ẹnì kan jókòó ro tòun. Ìgbà mìíràn á ní òun ò gbà, pé nọ́ńbà 9 ló wu òun. Ẹ jẹ́ kó gba nọ́ńbà 9! Ohun tó fẹnu ara rẹ̀ mú kì í jẹ́ kó sùn lé e.

Ìbéèrè kan: àmì àwọ̀ ewé àti pupa tí olúkúlùkù fi ń sọ bóyá òun fẹ́ jagun, ṣé ẹ máa ń wò ó?

Balógun Abúlé:
Mo máa ń wò ó, Àǹtí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n mú àwọn aláwọ̀ ewé nìkan, a ò ní pé 20.

Sùúrù Lérè:
Ta ló ní dandan ni 20? Ogun ẹni 10 wà, tẹni 15 wà, kódà tẹni 5 wà. Aláwọ̀ pupa ti wí tẹnu rẹ̀: òun ò ráyè, tàbí òun ò fẹ́. Ẹ wá fipá mú un wọ ogun tán, ẹ tún ń bínú pé kò jà. Ẹ dín in sí 10. Kí àwọn yòókù jókòó máa wò. Nígbà tí ìkógun ogun bá ń wọlé fún àwọn tó jà, ẹ ó rí àwọn tí yóò máa béèrè bí àwọn ṣe lè wọ tọ̀la.

Tafàtafà:
Mo fara mọ́ ìyẹn. Mo ṣì ní kó lé wọn o.

Àgbà Gèèmù:
Àbúrò mi Balógun, mo kí ọ. Inú gèèmù World of Warcraft ni èmi dàgbà sí, látìgbà tó jáde ní 2004. Molten Core ayé ìgbà yẹn, ihò ọ̀tá kan nínú gèèmù náà, ẹni 40 ni wọ́n fi ń wọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún ẹni 20, ẹ rọra máa dúpẹ́. Ẹni 40 á jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bọ́ọ̀sì (boss, ògbójú ọ̀tá) kan á ṣubú, á já ìkógun bíi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, ojú gbogbo wọn á wá wà lára líídà. Àwọn tó kù ńkọ́? Kí ló máa mú wọn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Àwọn tó ń ta gèèmù EverQuest, tó jáde ní 1999, ti wá ojútùú sí i ṣáájú wa. Wọ́n pè é ní DKP (Dragon Kill Points). Tí o bá yọjú, o gba póìǹtì. Tí ẹ bá pa bọ́ọ̀sì, o gba póìǹtì. Tí nǹkan tó wù ọ́ bá já bọ́, o fi póìǹtì rẹ rà á. Èyí ló ń mú kí ẹni tó lọ sílé lọ́wọ́ òfo lálẹ́ yìí mọ̀ pé òógùn òun wà ní àkọsílẹ̀ níbì kan.

Kì í ṣe pé kò ní àbùkù. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ á kó póìǹtì jọ bí òkè, ọmọ tuntun á máa wá á máa lọ, kò ní rí nǹkan kan gbà, á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nítorí náà làwọn ẹgbẹ́ mìíràn ṣe pa á tì, wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ máa jókòó pinnu ẹni tó yẹ. Ìyẹn náà tún dá ìjà tirẹ̀ sílẹ̀, torí kò sí ìgbìmọ̀ tí wọn ò ní pè ní ojúsàájú.

Ìwọ náà ní ohun tí ò ń pín. Nínú Clan War League, ìdíje ogun tó máa ń wáyé lóṣooṣù, líídà ló ń yan àwọn tí yóò gba bonus medal, ìyẹn ẹ̀bùn àfikún, lẹ́yìn tó bá parí. Báwo lo ṣe ń pín tìrẹ?

Balógun Abúlé:
Àwọn tí ìràwọ̀ wọn pọ̀ jù ni mo máa ń fún, ẹ̀gbọ́n. Kìnnìún máa ń wà lókè.

Àgbà Gèèmù:
Mo fura. Ò ń sanwó fún un kó máa na àwọn ọmọ kéékèèké.

Ọjọ́ méje ni League, àtáàkì kan lóòjọ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kọ òfin rẹ síta: ẹni tó bá lo gbogbo àtáàkì ọjọ́ tó fi wà lójú ogun ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí bonus, ìbáà jẹ́ ìràwọ̀ kan-kan ló rí. Láàárín irú àwọn yẹn, ẹni tí kò rí gbà lóṣù tó kọjá ló ṣáájú. Kọ orúkọ sílẹ̀, kí gbogbo wọn lè rí i. Lẹ́yìn náà, má yí i padà nítorí ẹnikẹ́ni, pàápàá ọ̀rẹ́ rẹ.

Ọmọ Dota:
Ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun tí kò rí ìràwọ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti OG, ẹgbẹ́ kan tó ń ta gèèmù Dota 2. Ní 2018, nígbà tó ku oṣù mélòó kan kí The International, ìdíje Dota tó ga jù, bẹ̀rẹ̀, ẹni méjì fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Johan Sundstein, tí wọ́n ń pè ní N0tail, ni kápítéènì. Wọ́n mú kóòṣì wọn, Ceb, wọ inú eré. Wọ́n pe ẹni tó ń jẹ́ ana, tó ti bá wọn ṣeré rí, padà. Wọ́n tún lọ mú Topson, tí kò tíì dé orí pèpéle tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Open qualifier tí ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ fún ni wọ́n gbà dé Vancouver, wọ́n sì na ẹgbẹ́ PSG.LGD ní 3-2 nínú àṣekágbá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Shanghai, wọ́n tún gbà á, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ká ní wọ́n sọ fún Topson pé kó fara pamọ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe ni, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?

Tafàtafà:
Ọmọ Dota, eré tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn. Ẹni márùn-ún péré ni wọ́n, owó ńlá sì wà nídìí ẹ̀. Ọgbọ̀n èèyàn tó ń fọwọ́ tẹ fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni OG.

Ọmọ Dota:
Owó tí kò sí yẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ le. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lè fara da líídà tó ń jágbe. Ọmọ tí ò gba kọ́bọ̀, kí ló máa dè é mọ́lẹ̀? Á kàn lọ síbòmíràn ni, tàbí kó máa wọlé tọrọ ọmọ ogun bíi ti èyí.

Balógun, ẹ ṣe Friendly Challenge pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbé abúlé yín kalẹ̀ kó kọlù ú. Kò ná yín ní nǹkan kan, ogun kọ́, kò sí ìràwọ̀ ẹgbẹ́ nínú ewu. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ wo replay. Nígbà púpọ̀, kò ju ohun kan lọ tó ń fa àṣìṣe rẹ̀: ó da gbogbo ọmọ ogun sójú kan lẹ́ẹ̀kan, tàbí ó ju spell (idán) nígbà tí àwọn ọmọ ogun ti kọjá ibẹ̀. Ẹyọ kan yẹn ni kí ẹ tọ́ka sí. Tó bá rí ìràwọ̀ méjì lógun tó ń bọ̀, ẹ kí i nínú chat.

Sùúrù Lérè:
Mo fẹ́ padà sórí Kìnnìún, torí ó jọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti tọmọ tuntun yẹn, ọ̀kan náà ni. Ẹ bá mi wò ó. Nọ́ńbà 18 lọ́dọ̀ ọ̀tá, ọmọ tuntun lè gba ìràwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀. Kìnnìún ti lọ gbà á láàárọ̀. Nígbà tí ọmọ bá jí, nọ́ńbà 9 ló kù fún un, á gbá orí mọ́ ògiri, òdo. Kìnnìún á tún wá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tiwa, àtáàkì ọmọ náà ló bàjẹ́, àmọ́ ẹni tó bà á jẹ́ ti gba ìràwọ̀ mẹ́ta lọ.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, lórí Discord tàbí WhatsApp, kì í ṣe nínú chat tí gbogbo wọn ti ń kà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá dójú tì í ní gbangba, ìjà ni yóò gbé dìde. Ẹ ní nọ́ńbà 1 tàbí 2 ni àtáàkì rẹ̀ àkọ́kọ́, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè kò ó lójú. Ìkejì, kó dúró títí wákàtí mélòó kan á fi kù, kó wá gba èyí tí àwọn yòókù kò rí parí. Ìràwọ̀ kan lórí nọ́ńbà 1 wúlò fún yín ju mẹ́ta orí 18 lọ. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ gbà pé ó mọ̀ ọ́n jà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe co-leader (igbákejì líídà) nítorí pé ẹ fẹ́ kó gbọ́ràn o! Agbára lílé èèyàn wà lọ́wọ́ co-leader.

Ti yẹ̀yẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni mo ti gbà pẹ̀lú Tafàtafà. Ìkìlọ̀ kan, ó tán.

Balógun Abúlé:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti béèrè nínú chat pé ta ló ráyè lọ́la, ẹni 11 ló dáhùn. Ogun ẹni 10 ni n ó dá. Ọmọ tuntun ò sí nínú wọn, àmọ́ ó ní òun fẹ́ ṣe Friendly Challenge lálẹ́ òní.

Ohun méjì ló kù. Ogun yóò máa parí nígbà tí mo bá ń sùn, kò sì sí bí mo ṣe lè yí i. Ìkejì, Kìnnìún wà lára àwọn 11 yẹn. Ṣé kí n mú un?

Àǹtí Archer:
Ti oorun rọrùn. Ẹ wá ẹnì kan tí ilẹ̀ máa ń mọ́ fún nígbà tí ó bá ṣú fún yín, ẹni tó máa ń ṣe àtáàkì rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Òun ni yóò máa rán àwọn tó kù létí ní wákàtí mẹ́ta ìgbẹ̀yìn, pẹ̀lú orúkọ wọn. Kò dìgbà tó bá lágbára jù.

Kìnnìún, ẹ mú un. Nọ́ńbà 1 ni kí ẹ kọ síwájú orúkọ rẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni kọkànlá tó bá ṣẹ́ kù, ẹ sọ fún un báyìí pé òun ló kọ́kọ́ wọ ti ẹ̀yìn ọ̀la.

Balógun Abúlé:
Tí Kìnnìún bá tún lọ gba nọ́ńbà 10 ńkọ́?

Tafàtafà:
Ẹ ti mọ ohun tí n ó sọ.

Àǹtí Archer:
Lọ́tẹ̀ yìí, èmi náà ò ní dá Tafàtafà dúró.