Ṣé òótọ́ ni iye purotéènì tí wọ́n kọ sára agolo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Mo máa ń gbé irin ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo ra agolo ìyẹ̀fun purotéènì kan tí wọ́n kọ gíráàmù 24 sí fún ṣíbí kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka àwọn èròjà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, glycine (ọ̀kan lára àwọn amino acid, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké tó para pọ̀ di purotéènì) ṣáájú kókó. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn purotéènì gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà tí Kjeldahl ará Denmark gbé jáde ní 1883 ni wọ́n ṣì ń lò níbi púpọ̀: wọn a sè é nínú ásíìdì, wọn a wọn nitrogen inú rẹ̀ (èròjà kan tó máa ń wà nínú purotéènì), wọn a sì fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀ láti mọ iye purotéènì. Ibẹ̀ ni àwọn alábòsí ti rí àyè, torí ìlànà yìí kò mọ ibi tí nitrogen ti wá. Gíráàmù 100 glycine á jáde bíi gíráàmù 117 purotéènì. (Irú ẹ̀tàn yìí ni wọ́n fi da melamine, kẹ́míkà tí nitrogen pọ̀ nínú rẹ̀, sínú wàrà ọmọ ọwọ́ ní Ṣáínà, tí àṣírí tú ní 2008.)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó kọ glycine sílẹ̀ tí kò kà á mọ́ purotéènì kò jẹ̀bi. Àyẹ̀wò tó ń ka amino acid lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń tú àṣírí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Mo tún un wò, wọn kò kọ iye glycine rárá. Màá dá a padà fún ẹni tó tà á, bó bá gbà á.