Mo fi tòmátì igbó kírọ́ọ̀sì tòmátì mi torí fáírọ́ọ̀sì tó ń ká ewé, hóró ẹ̀ ò hù

Alóko:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i o. Tòmátì mi tún ti ń ká ewé kò, etí ewé ń pọ́n rúsúrúsú, igi ò ga mọ́, òdòdó ń rẹ̀ dànù, eṣinṣin funfun kéékèèké ló kún abẹ́ ewé. Mo gbọ́ pé àwọn ìbátan tòmátì tó wà nínú igbó kì í kó o, mo wá hóró Solanum peruvianum, mo gbìn ín, mo fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó ẹ̀ kan òdòdó tòmátì mi, èso so o, àmọ́ nígbà tí mo là á hóró inú ẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ìkankan ò hù. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ Láàbù:
Ẹ ò ṣì í rárá, èyí tó le jù lẹ kàn mú. Peruvianum àti chilense tó jẹ́ tòmátì igbó mìíràn, tẹ́ ẹ bá fi wọ́n kan tòmátì ilé, ọlẹ̀ inú hóró wọn máa ń kú kí èso tó pọ́n, torí oúnjẹ tó yẹ kó máa jẹ nínú hóró ò dàgbà. Ní láàbù ńṣe là ń tètè yọ ọlẹ̀ yẹn ká tọ́ ọ nínú ìgò. Ẹ gbìyànjú habrochaites, tòmátì igbó mìíràn ni, ibẹ̀ ni Ty-2, jíìnì kan tó ń gba tòmátì lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì tó ń ká ewé yìí, ti wá, òun máa ń gbà, àmọ́ tòmátì ilé ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìyá, tẹ́ ẹ bá yí i padà kì í sábà mú hóró jáde. Kẹ́ ẹ sì yọ akọ inú òdòdó ìyá kó tó là o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbọ́mọ fún ara ẹ̀.

Ìyá Ọ̀gbìn:
Ibi tí wàhálà wà gan-an ni lẹ́yìn tó bá hù. Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ìdajì igbó ni, kò lè dùn lẹ́nu, ẹ gbọ́dọ̀ máa dá a padà sọ́dọ̀ tòmátì ilé: ìgbà àkọ́kọ́ ti igbó á ku 25%, ìkejì 12.5%, tó bá fi máa di ìkẹfà kò ní pé 1% mọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn ẹ ní láti kó o sáàárín eṣinṣin tó ní fáírọ́ọ̀sì lára kẹ́ ẹ mọ èyí tó dúró, torí ìdajì àwọn ọmọ yẹn ò ní gba jíìnì náà. Jíìnì ọ̀hún kì í sì í dá wá. Ty-1, jíìnì mìíràn tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì yìí tó wá láti ara chilense, 1994 ni wọ́n ti mọ̀ pé orí krómósómù 6 (ọ̀kan nínú àwọn okùn tó ń gbé jíìnì) ló wà, síbẹ̀ ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó lè gé ìdọ̀tí igbó tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò.

Ọmọ Láàbù:
Òótọ́ ni mà. Ẹ má sì gbára lé jíìnì kan ṣoṣo, mo bẹ̀ yín. Àwọn irú fáírọ́ọ̀sì yìí kan wà tó ń borí Ty-2. Ẹ wo jíìnì Tm-2² tó wá láti ara peruvianum, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gba tòmátì lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì mòsáíìkì, àfi ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì tuntun kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀ yọjú ní Ísírẹ́lì ní 2014 tó fò ó kọjá.

Alóko:
Ẹ ṣeun gan-an. Habrochaites ni màá mú. Ṣé gbogbo habrochaites ló ní Ty-2 yẹn ni?

Ọmọ Láàbù:
Rárá o, òmíràn ń kó àìsàn yẹn. Ẹ kọ́kọ́ dán òun fúnra ẹ̀ wò láàárín eṣinṣin kẹ́ ẹ tó fi òdòdó kan òdòdó.