Àwọn èèyàn kì í wọ ìkànnì inverter mi

Ará Yaba: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àyẹ̀wò inverter ni mò ń kọ, líǹkì Jumia ló wà níbẹ̀, tí ẹnì kan bá gba ibẹ̀ rajà, mo máa gba kọmíṣọ́ọ̀nù. Báwo ni èrò á ṣe máa wá?

Bàbá Bàríga: Kọ́kọ́ fi sitemap, ìyẹn àkójọ gbogbo ojú ìwé ìkànnì rẹ, sílẹ̀ ní Google Search Console, irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ni ìkànnì. Má kọ “inverter tó dára jù”, àwọn ìkànnì ńlá ti gba ibẹ̀. Ohun tí oníbàárà ń bèèrè ní Alaba ni kó o kọ: “Wákàtí mélòó ni bátìrì 12V 200Ah á fi gbé fíríìjì?” Ṣírò rẹ̀ fún wọn: 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400Wh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó wà nínú bátìrì náà, àmọ́ ìdajì péré ni kí wọ́n lò tó bá jẹ́ bátìrì olómi. Kí wọ́n wá fi wáàtì tí fíríìjì ń jẹ pín in, wákàtí tó máa gbé e nìyẹn. Irú èyí ni wọ́n ń pín lórí WhatsApp.

Ìyá Ìbejì: Fọ́tò ńkọ́? Tó bá jẹ́ 4MB, dátà wọn ló ń jẹ, wọ́n á sá. Sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì fọ́tò tó máa ń fúyẹ́, kó má ju 100KB lọ.

Ará Yaba: Ṣé kí n máa ju líǹkì sí gúrúùpù Facebook?

Bàbá Bàríga: Rárá o! Wọ́n á yọ ẹ́. Dáhùn ìbéèrè wọn ná.