Ìnṣọ́ránsì ní òun ò ṣe ilé wa mọ́ nítorí òrùlé, June tí àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀ sì ti dé tán. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

AdúnníPearland

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tó ti pẹ́ ní Texas ni mò ń bẹ̀ o. Àwọn tó ń ṣe ìnṣọ́ránsì ilé wa fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn fi drone wo òrùlé wa látòkè, pé ó ti lo ọdún 16, shingles ẹ̀, àwọn ègé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bò ó, ti ń ṣí létí, tá ò bá pààrọ̀ ẹ̀ àwọn ò ní bá wa ṣe é mọ́ tí tọdún yìí bá ti parí. Òrùlé tí kò jò rí! Kódà nígbà ìjì Beryl ní July 2024 tí gbogbo Houston wà nínú òkùnkùn, fẹ́ǹsì nìkan ló wó nílé wa.

Mo ti ń pè kiri. Ẹnì kan ní 4,700 dọ́là lọ́dún, bẹ́ẹ̀ 2,900 là ń san tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíì ní 3,300, inú mi ti fẹ́ dùn, àfi bí mo ṣe rí i nísàlẹ̀ ìwé ẹ̀ pé "wind and hail excluded". Bàbá àwọn ọmọ ní ká mú ti 3,300 yẹn kíá kí báǹkì má baà máa yọ wá lẹ́nu. Wàhálà kejì, ọkùnrin kan tó ń ṣe òrùlé wá kanlẹ̀kùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní yìnyín ti bà á jẹ́, ká kàn sáìnì ìwé kan fóun, òun á bá wa gbowó lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì, a ò ní ná kọ́bọ̀, deductible gan-an, owó tó yẹ ká kọ́kọ́ san lápò wa, òun á gbé e. Ó dùn létí, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún ní ìjọba ní tiẹ̀ tí kì í lé èèyàn padà, ṣé òótọ́ ni? Ẹ dákun.

Éjẹ́ǹtìAlief

Madam, ẹ kú wàhálà. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, mi ò ní kẹ́ ẹ wá rajà lọ́dọ̀ mi o, ẹ kàn gbọ́ tèmi ná.

Ti 3,300 yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Iná, olè, páìpù tó bẹ́, irú ẹ̀ nìkan ló mọ̀, atẹ́gùn àti yìnyín tá a tìtorí ẹ̀ ń ra ìnṣọ́ránsì ní Pearland gan-an ni wọ́n yọ kúrò. Báǹkì yín náà ò sì ní gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ra ti ìjì kún un. Tẹ́ ẹ bá wá jẹ́ kó já pátápátá pẹ́nrẹ́n, báǹkì á lọ ra ìkan fúnra ẹ̀, á gbé owó ẹ̀ lé mọ́gẹ́èjì yín, ìyẹn gbèsè ilé, lórí, ó máa ń wọ́n ju tọjà lọ, owó báǹkì ló sì ń dáàbò bò, ẹrù inú ilé yín ò sí níbẹ̀ rárá.

Ohun tí ẹni ṣọ́ọ̀ṣì yín sọ, méjì ni. Àkọ́kọ́ ni TWIA, ìnṣọ́ránsì ìjì fáwọn ará etí òkun, ilé aṣòfin Texas ló dá a sílẹ̀ ní 1971 lẹ́yìn tí hurricane Celia ti ba agbègbè Corpus Christi jẹ́ ní 1970. County (bí ìjọba ìbílẹ̀ ni) 14 tó wà létí òkun ló ń ṣe, pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ lára Harris. Pearland tó wà ní Brazoria wọ inú ẹ̀, èyí tó bọ́ sí apá Harris tàbí Fort Bend kò wọ̀ ọ́, torí náà ẹ wo ìwé owó orí ilé yín kẹ́ ẹ mọ county tẹ́ ẹ wà. Kọ́ńpìnì kan gbọ́dọ̀ ti kọ̀ yín kẹ́ ẹ tó lè lọ bá wọn, ìjì àti yìnyín nìkan ni wọ́n sì ń san. Èkejì ni Texas FAIR Plan, ìyẹn fún àwọn tí kọ́ńpìnì méjì ti kọ̀, iná àti àwọn nǹkan tó kù nìyẹn, tẹ́ ẹ bá wà létí òkun ẹ ṣì máa ra ti TWIA mọ́ ọn. Méjèèjì kì í ṣe ibi téèyàn ń sáré lọ o, ibi téèyàn ń lọ nígbà tí ọ̀nà bá dí ni. Kí wọ́n sì tó ní ìjì kan ti wọ Gulf, òkun ẹ̀gbẹ́ wa níbí, kẹ́ ẹ ti parí gbogbo ẹ̀, torí tó bá ti wọlé síbẹ̀ báyìí, TWIA ò ní tajà fẹ́nì kankan mọ́ títí á fi kọjá, àwọn kọ́ńpìnì tó kù náà máa ń ti géètì.

Ti 4,700 yẹn ńkọ́, ẹ má wo iye yẹn nìkan. Ẹ wo nǹkan méjì. Deductible, ìyẹn owó tó máa kọ́kọ́ jáde lápò yín kí wọ́n tó dá sí i, ti ìjì àti yìnyín kì í ṣe 1,000 dọ́là bíi tàtijọ́ mọ́, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ká ní wọ́n ṣe ilé yín sí 340,000, tó bá jẹ́ 2%, 6,800 dọ́là nìyẹn. Èkejì, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ACV sẹ́gbẹ̀ẹ́ roof. Tó bá jẹ́ ACV, wọ́n máa yọ ọjọ́ orí òrùlé kúrò nínú owó ẹ̀ ni. Ká ní òrùlé tuntun jẹ́ 18,000, tí wọ́n wá ní tiyín tó ti lo ọdún 16 ò ju 6,000 lọ mọ́, ẹ yọ 6,800 kúrò nínú 6,000, ẹ sọ fún mi iye tó kù. Èèyàn á máa san ìnṣọ́ránsì lọ́dọọdún, ọjọ́ tí òrùlé bá fò lọ, òdo ni wọ́n máa fi lé e lọ́wọ́. RC ni kẹ́ ẹ bèèrè, ìyẹn tí wọ́n máa san owó òrùlé tuntun láìyọ ọjọ́ orí ẹ̀.

Ti ọkùnrin òrùlé, ẹ ò gbọdọ̀ sáìnì nǹkan kan. Láti September 2019, òfin Texas ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tó ń ṣe òrùlé bá onílé san deductible tàbí kó ní òun dárí ẹ̀ jì, ìnṣọ́ránsì sì lè ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí wá pé ẹ san án kí wọ́n tó fún yín ní owó tó kù. Òfin ò tún gbà pé kẹ́ni tó máa tún òrùlé ṣe náà máa bá ìnṣọ́ránsì dunàádúrà lórí ẹ̀. Public adjuster, ẹni tí onílé ń gbà láti bá a bá ìnṣọ́ránsì sọ̀rọ̀ owó, tó ní láísẹ́ńsì ló lè ṣe ìyẹn, kò sì gbọdọ̀ gbà ju 10% lọ. Ẹni tó bá ń kanlẹ̀kùn lẹ́yìn ìjì, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́mbà mọ́tò ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ará Texas.

ÌyáÌbejìKaty

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ jẹ́ n fi tomi kún un torí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

Adúnní, gbogbo àwọn tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, kò sí ìkan tó máa sanwó tí omi bá wọlé láti ilẹ̀. A wà nínú ilé wa nígbà ìjì Harvey, August 2017. Àdúgbò wa ò sí nínú ibi tí wọ́n ní omi máa ń dé, báǹkì ò béèrè ìnṣọ́ránsì àgbàrá lọ́wọ́ wa, àwa náà ò béèrè. Òjò rọ̀ títí, adágún Barker kún, omi ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, ó kọ́kọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn gàráàjì wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá aláìsàn, nígbà tílẹ̀ fi mọ́ fíríìsà ti dojú dé tó ń léfòó, ẹran àti ẹ̀fọ́ tí mo bọ̀ pa mọ́ fún ìkómọ àbúrò ọkọ mi ń léfòó kiri. Lẹ́yìn ẹ̀ a gé ògiri láti ìsàlẹ̀ dé ìwọ̀n àyà, a kó gbogbo ẹ̀ síta, òórùn yẹn mo ṣì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí adjuster, ẹni tí ìnṣọ́ránsì rán wá wo ohun tó bàjẹ́, dé, ìbéèrè kan ló bi wá: omi yìí, ṣé láti òkè ló ti wọlé àbí láti ìsàlẹ̀? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà o. Tí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé tí òjò gba ibẹ̀ wọlé, ìnṣọ́ránsì ilé lè san. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ló ti dìde, àgbàrá nìyẹn, wọn ò mọ̀ ọ́n. Owó tí FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèrànwọ́ nígbà àjálù, fún wa, ẹ má jẹ́ n sọ, ìyókù a yá a lọ́wọ́ SBA, àjọ ìjọba tó ń yáni lówó, gbèsè ni.

Torí náà ẹ lọ ra ti àgbàrá lọ́tọ̀. NFIP, ti ìjọba àpapọ̀, wà láti 1968, ó ń san tó 250,000 fún ilé àti 100,000 fún ẹrù. Àmọ́ ọjọ́ 30 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àyàfi tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ilé pẹ̀lú owó báǹkì. Ẹni tó bá dúró títí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ìjì lórí tẹlifíṣọ̀n ti pẹ́. Kẹ́ ẹ sì gbé fóònù yín, kẹ́ ẹ rìn kiri ilé, kẹ́ ẹ ya fídíò gbogbo nǹkan, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ya nọ́mbà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò gbé Houston. Gèlè àti aṣọ òkè mi tó bàjẹ́, wọ́n á ní kí n mú rìsíìtì wá ni, ta ló ń gba rìsíìtì aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn?

OlúTampa

Hàáà, ẹ̀yin Texas, ẹ ò tíì rí nǹkan kan o. Níbí ní Florida, nígbà tí ìjì Andrew jà ní August 1992 tó pa ìlú Homestead run, kọ́ńpìnì ìnṣọ́ránsì 11 ló wọlẹ̀. Títí di òní ọ̀pọ̀ àwọn ńlá ńlá ò fẹ́ràn ibí. Citizens tí ìjọba Florida dá sílẹ̀ ní 2002 pé kó wà fẹ́ni tí kò ríbi lọ, ó di òun ló tóbi jù! Wọ́n wá ń lé wa jáde báyìí, tí kọ́ńpìnì àdáni bá ní òun máa gbà ẹ́ tí owó ẹ̀ ò sì fi ju 20% lọ lórí ti Citizens, o ò lè ní o ò lọ. O lè má mọ orúkọ kọ́ńpìnì yẹn rí láyé ẹ. 2024, ìjì Helene dé ní September 26, a ò tíì kó kápẹ́ẹ̀tì tí omi ẹ̀ bà jẹ́ kúrò lójú títì, ìjì Milton ti dé ní October 9.

Ohun tí mo fẹ́ kí Adúnní gbọ́ ni pé tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ òrùlé yẹn, ẹ má ṣe irú ti tẹ́lẹ̀ padà o. Ẹ béèrè irú tí wọ́n ń pè ní FORTIFIED, wọ́n máa ń lẹ ojú ìdè pákó ìsàlẹ̀ pa kí omi má lè wọlé tí shingles bá tiẹ̀ fò lọ, ìṣó wọn náà yàtọ̀. Alabama àti Louisiana ń fún àwọn onílé tó 10,000 dọ́là láti fi ṣe é. Níbí náà tẹ́ ẹ bá ná dọ́là 1 lórí ilé, ìjọba lè fi 2 tì í, títí dé 10,000, àmọ́ owó yẹn kì í pẹ́ tán. Ẹ bi ìnṣọ́ránsì yín iye tí wọ́n máa bu kúrò fún un, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

ỌmọBẹẹrẹ

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú o, Ìbàdàn ni mo ti ń ka gbogbo èyí, orí ń fò mí. Ẹ ń san nǹkan bíi 5,000 dọ́là lọ́dún fún nǹkan tí kò tíì ṣẹlẹ̀, tó bá wá ṣẹlẹ̀ wọ́n á ní omi òkè ni àbí omi ìsàlẹ̀? Omíyalé August 26, 2011 gbé ilé lọ níbí, gbé afárá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìnṣọ́ránsì létí, ẹbí ló dá owó jọ. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú kó kúrò níbẹ̀?

ÌyáÌbejìKaty

Àbúrò, o jàre. Àmọ́ kì í ṣe ilé wa, ilé báǹkì ni, àwa kàn ń gbénú ẹ̀ títí ọdún 30 á fi pé. Báǹkì ló ní dandan ni. Ká tún wá kó lọ síbo? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi wà níbí, ilé ìwé àwọn ìbejì wà níbí, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti pọ̀nmọ́ wà ní Bissonnet. Àríwá tí kò ní hurricane, yìnyín dídì ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ń bá tiwọn fínra.

AdúnníPearland

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á máa bá yín ṣọ́lé. Brazoria la wà, mo ti wò ó. Mo tún ṣí ìwé tá à ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, ACV ni wọ́n kọ sí roof láti ọdún tó kọjá, wọ́n yí i padà nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, kò sẹ́ni tó ka ojú ewé yẹn nínú wa. Bàbá àwọn ọmọ ò sọ̀rọ̀ 3,300 mọ́. Ti àgbàrá, a sanwó ẹ̀ lánàá. Òrùlé la fẹ́ ṣe báyìí, àjọ ló kàn mí lóṣù tó ń bọ̀, a máa fi kún owó tó wà nílẹ̀. Ṣé nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fẹ́ni tó máa ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀?

Éjẹ́ǹtìAlief

Ẹ ṣeun. Ó wà, torí Brazoria lẹ wà. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí wọ́n ń pè ní WPI-8, òun ló ń fi hàn pé òrùlé yẹn bá ìlànà ìjì mu, TWIA máa béèrè ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò wọn, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé yẹn lọ́wọ́ yín lọ́la náà lè béèrè. Ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ló rọrùn jù láti gbà á, torí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fẹ́ rí pákó àti ìṣó kí wọ́n tó bò ó. Tí wọ́n bá ti parí kẹ́ ẹ tó rántí, owó àti ìrìnkèrindò ni.

AdúnníPearland

Ṣé èmi ni mo máa pè wọ́n ni àbí ẹni tó ń ṣe òrùlé?

Éjẹ́ǹtìAlief

Ẹ jẹ́ kó wà nínú kọ́ńtíráàtì pé òun ló máa ṣètò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú owó tó kẹ́yìn dání títí ìwé yẹn á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́. Tó bá ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ WPI-8, ẹ pe ẹlòmíì.