Wọ́n fẹ́ gé gbogbo àpòlùkù màmá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Màmá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 63 ni màmá mi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ń sọ pé bí àwọn bá jẹ díẹ̀, inú àwọn á ti kún. Ọgbẹ́ inú la pè é. Ìgbà tí wọ́n ti kámẹ́rà bọ ọ̀fun wọn, tí wọ́n sì mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò, jẹjẹrẹ ló jáde. Apá òkè àpòlùkù ló wà, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní gbogbo rẹ̀ lòun máa gé. Scan kò rí i níbòmíràn.

Ohun méjì ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ni Màmá máa kọ́kọ́ gbà, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì síra wọn, kí wọ́n tó wọ tíátà. Ṣé ká máa wo jẹjẹrẹ níran fún oṣù méjì ni? Èkejì: ẹni tí kò ní àpòlùkù, ibo loúnjẹ rẹ̀ ń wọ̀? Màmá bi mí lánàá. Mi ò lésì. Mo ní kí n lọ bu omi wá.

Ẹni Tí Wọ́n Gé Tiẹ̀

Ẹ kú aájò Màmá. Ọdún 2020 ni wọ́n gé tèmi, gbogbo rẹ̀ pátá.

Tìbínú-tìbínú ni mo fi bi dókítà mi ní ìbéèrè tẹ́ ẹ bi yìí. Ó ní ohun tójú rí ni ọ̀bẹ lè gé. Èyí tó bá ti yọ́ lọ síbòmíràn tí scan ò rí, oògùn ló ń lépa rẹ̀. Ó tún ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó tóbi báyìí, ara ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gba kẹ́mò mọ́, ló fi dáa kí wọ́n gba ìdajì ṣáájú. FLOT ni wọ́n fún mi, àpapọ̀ oògùn mẹ́rin. Àwọn dókítà ní Jámánì fi í wé èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019: ìdajì àwọn tó gba FLOT ló kọjá oṣù 50 láyé, ti àwọn tó gba ti tẹ́lẹ̀, oṣù 35 ni. Àtìgbà tí mo ti ka iye yẹn ni mi ò ti jiyàn mọ́. Kò rọrùn o. Omi tútù ń gún mi lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́.

Ní ti oúnjẹ, ìfun ni wọ́n fà gòkè, tí wọ́n so mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Ìfun náà ló ti ń fa oúnjẹ sára látilẹ̀wá. Àpòlùkù kàn ń gbà á dúró, ó sì ń pò ó ni. Ọdún 1897 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Carl Schlatter, ti gé gbogbo rẹ̀ fún obìnrin kan ní Zurich, ní Switzerland, obìnrin náà sì padà ń jẹun.

Àmọ́ kí Màmá má ṣe bíi tèmi. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo mu ohun dídùn kan, ife kan gbáko. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkì, mo na gbalaja sílẹ̀. Ìyàwó mi ń pariwo orúkọ mi. Ṣúgà tó ya wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà ló fà á. Ní báyìí, mò ń jẹ díẹ̀-díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, mi ò sì pa omi mímu pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Kílò 16 lọ lára mi kó tó dúró.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù

Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n máa kọ́kọ́ ti kámẹ́rà gba ihò kékeré wo inú ikùn. Jẹjẹrẹ lè fọ́n ká sára awọ inú ikùn kí scan má rí i, bó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, gígé kì í sábà ṣe ìrànwọ́. Ẹ bi í pé ẹni mélòó ló ń ṣe irú rẹ̀ fún lọ́dún. Àwọn kókó kéékèèké tó yí àpòlùkù ká náà gbọ́dọ̀ jáde, ó kéré tán 15, kí àyẹ̀wò tó lè sọ ibi tí jẹjẹrẹ náà dé.

Abẹ́rẹ́ fítámì B12 di ti gbogbo ayé wọn. Àpòlùkù ló ń ṣe ohun tí ara fi ń gbà á. Ẹ̀dọ̀ ní èyí tó fi pamọ́, nítorí náà àìsí rẹ̀ lè má hàn fún ọdún kan sí méjì, àwọn èèyàn á sì gbàgbé, títí ẹsẹ̀ á fi máa kú.

Àbúrò Gbogbo Wọn

Bàbá wa ṣe é. Iṣẹ́ abẹ náà dáa. Oṣù 19 lẹ́yìn rẹ̀ jẹjẹrẹ náà padà, a sì pàdánù wọn. Mi ò kọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Nínú oṣù 19 yẹn, wọ́n rí ọmọ àbíkẹ́yìn mi, wọ́n gbé e jó.

Ọmọ Màmá

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá, títí kan èyí tó kẹ́yìn. Àwọn ló ní kí n má fò ó. Wọ́n ti gbà láti bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní kí n bi ẹni tí wọ́n gé tiẹ̀: ṣé ebi ṣì ń pa yín?

Ẹni Tí Wọ́n Gé Tiẹ̀

Ẹ sọ fún Màmá pé kì í pa mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Aago ló ń rán mi létí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ni, ẹ jẹ́ kí n lọ jẹun.